Ikọ̀ Dé

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá pè mí ní kíláàsì,
pé kí n ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí n wá ṣe ògbufọ̀.
Àwọn ọmọ ti gun fèrèsé: "Ẹwàtómi ń bọ̀ ní Makoko!"
Ẹwàtómi Kúforíjì, tó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta nínú sinimá,
tí ìyàwó mi sì sunkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Òun ni àjọ àgbáyé fi ṣe aṣojú
fún èémí àwọn ọmọdé.

Mo bá wọn ní èbúté Adékúnlé.
Ọkùnrin kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré nu òógùn iwájú orí rẹ̀.
Mo ní nínú ara mi, aṣojú ni lóòótọ́,
ojú ni wọ́n ń ṣe láti àárọ̀.
Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì.
Wọn ò fún èmi.
Wọ́n ní ọmọ Ègùn kì í kú sómi.
Àbúrò mi Hùnsù kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ọkọ̀ wa ń yọ́ gba abẹ́ ilé dé abẹ́ ilé,
omi dúdú bí ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà nù.
Lókè ọ̀hún, lórí afárá gígùn,
àwọn mọ́tò ń sáré bí ẹni pé a ò sí nísàlẹ̀.

Ìyá Sẹ̀wánù ń yí ẹja ṣáwá padà lórí ààrò,
ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wúkọ́,
ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ arúgbó
nínú àyà ọmọ ọdún méjì.
Kámẹ́rà tanná. Aṣojú rẹ ohùn sílẹ̀:
"Màmá, mo mọ ìrora yín. Ayé ò gbàgbé yín."
Mo sọ ọ́ ní Ègùn bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.
Ìyá ò wò ó, èmi ló wò.
"Bi í pé ayé wo.
Sọ fún un pé bàtà rẹ̀ wà lórí àwọ̀n ọkọ mi.
Ẹni kẹta rèé tó máa gbé ọmọ yìí ya fọ́tò,
kò sí èyí tó mú ikọ́ náà lọ."

Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra.
Yorùbá ló so wọ́n pọ̀ mọ́ mi lẹ́nu:
ikọ̀ dé, ikọ́ ò lọ.
Mo gbé e mì.
Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ,
bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi tọmọ jẹ́ ẹ, mo parọ́:
"Wọ́n ní ẹ ṣeun. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún yín."
Ọkùnrin kámẹ́rà na àtàǹpàkò sókè.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi irọ́ jẹun
mọ irọ́ tí kò jiná.
Ẹwàtómi ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ wọn gùn ju tiyín lọ."
Mo bá tú u sílẹ̀ fún un, àti ayé, àti bàtà.
Kò fèsì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àwọ̀n.
Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì kámẹ́rà,
ó ní kí ìyá gbé ọmọ náà fún òun,
ó fi etí lé e láyà,
ó pẹ́ níbẹ̀, àtíkè rẹ̀ ràn mọ́ ọmọ lára.

Ààrò onísímíńnì mẹ́rìnlá dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.
Ìyá Sẹ̀wánù gba ọ̀kan. Ó ní kì í gba ẹja tó bó ṣe yẹ.
Ọmọ náà ṣì ń kọ́, ṣùgbọ́n ó ń sùn lóru.

Lálẹ́ àná, Ẹwàtómi kú lẹ́ẹ̀kẹrin lórí tẹlifíṣọ̀n wa.
Ikọ́ ló pa á, ikọ́ gbígbẹ, tí ń já láàárín.
Ìyàwó mi ń nu ojú, ó ní obìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo mọ ilé tó ti kọ́ ikọ́ yẹn.